Sípíkà ọlọ́nà mẹ́ta tí kò gba àyè: bí a ṣe ń fọwọ́ ara wa ṣe é nílé

Ohùn gángan ni mo fi ń dán sípíkà wò. Bí onílù bá ń fi ìlù sọ̀rọ̀ tí n kò sì gbọ́ ohun tó ń wí, iṣẹ́ ṣì kù lára sípíkà yẹn, ì báà jẹ́ pé béèsì rẹ̀ ń mi ògiri. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn sípíkà ọlọ́nà mẹ́ta nìyẹn. Wúfà á gbé béèsì, túítà á gbé ohùn tó lọ sókè tín-ín-rín, sípíkà kékeré kan tí à ń pè ní mídì á sì dúró láàárín wọn. Ohùn ènìyàn àti ohùn ìlù ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ lè ní sípíkà ọlọ́nà méjì tó dára nílé kí ẹ máa wò ó pé kí ló tún kù. Ohun tó kù ni pé béèsì máa ń da ohùn akọrin láàmú. Bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀ láti 200 Hz (ìgbọ̀n igba láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 100 Hz, tí a sì fẹ́ kó dún tó ti tẹ́lẹ̀, pépà sípíkà gbọ́dọ̀ rìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá tún sọ̀ dé 50 Hz, ó di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Nínú ọlọ́nà méjì, pépà kan náà tó ń sáré síwá sẹ́yìn nítorí béèsì ló tún ru ohùn akọrin, ohùn náà á sì máa gbọ̀n tẹ̀lé e. Ẹ̀wẹ̀, wúfà ńlá kì í tan ohùn gíga ká. Pépà wúfà 8 ínǹsì fẹ̀ tó 16.5 cm, ìgbì ohùn tó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí 2,100 Hz. Bí ohùn bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, iwájú gangan ni wúfà ń sọ ọ́ sí bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà láàárín ń gbọ́.

Nítorí náà, mídì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrònú. Ibi tí mo bá ti ń ṣiyèméjì nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ń bi ara mi ni pé: èwo ló máa fún mídì láyè?

Àpótí tí a fẹ́ ṣe fẹ̀ ní 24 cm, ó ga ní 46.5 cm, ó sì jìn ní 30 cm. Wúfà 8 ínǹsì kan, mídì 4 ínǹsì kan, túítà 1 ínǹsì kan tí ojú rẹ̀ yọ róbótó. A ó pín ohùn fún wọn ní 400 Hz àti 2,800 Hz. Bí sípíkà tí ẹ rí rà bá yàtọ̀ sí tèmi, ìṣirò kan náà ni ẹ ó ṣe, nọ́ńbà ló máa yí padà.

Kí ẹ tó náwó

Josef Anton Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí lẹ́tà orúkọ wọn para pọ̀ di KLH, iléeṣẹ́ sípíkà kan ní Amẹ́ríkà, gbé òfin kan kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí yẹ̀ sílẹ̀. Àpótí kékeré, béèsì tó jinlẹ̀, àti ariwo ńlá láti ara amplifier kékeré: méjì péré lẹ lè mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi mú àpótí kékeré àti béèsì, mo fi ariwo sílẹ̀. Sípíkà yìí á fẹ́ amplifier tó tó 50 wáàtì, kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbé lọ sóde ìnáwó. Yàrá ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi kó ọ̀pọ̀ èrò jọ ní gbangba, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé yóò jó wúfà náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: yíyan sípíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ní 1961, Neville Thiele ní Australia fi hàn pé a lè ṣírò àpótí sípíkà kí a tó fi ayùn kan pákó. Richard Small tẹ̀síwájú lórí iṣẹ́ náà ní University of Sydney ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì la sì fi ń pe àwọn nọ́ńbà inú ìwé wúfà títí dòní. Mẹ́ta nínú wọn ló ṣe kókó fún wa. Fs ni ohùn tí pépà náà fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ̀n sí nígbà tí kò sí nínú àpótí. Qts ń sọ bó ṣe ń tètè dákẹ́ tó lẹ́yìn tí a bá ta á: bí nọ́ńbà yìí bá kéré, wúfà náà ń tètè dákẹ́. Vas jẹ́ iye afẹ́fẹ́ tí líle rẹ̀ bá líle rọ́bà àti aṣọ tó gbé pépà ró dọ́gba. Wúfà tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ní Fs 30 Hz, Qts 0.38 àti Vas 40 lítà.

Ọ̀pọ̀ wúfà lọ́jà ló jẹ́ pé "1000 W" gàdàgbà nìkan ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Wáàtì kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ kan àpótí. Bí wúfà kò bá ní ìwé, tí pépà rẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀ sì dára lójú yín, ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ so ó mọ́ ibi tí a ń ki ìgbọ́hùn etí bọ̀ lára kọ̀ǹpútà, kí rẹsísítọ̀ 100 ohm kan wà lójú ọ̀nà wáyà náà, kí ẹ sì fi REW, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún wíwọn ohùn tí gbogbo wa ń lò, ya àwòrán impedance rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó ní ohùn kọ̀ọ̀kan. Òkè tó yọ ṣóńṣó nínú àwòrán náà ni Fs. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn 20 giráàmù amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń mọ nǹkan nílé ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ yí àárín pépà ká, kí ẹ tún ya àwòrán náà. Ká ní òkè náà sún láti 30 Hz wá sí 25 Hz. Ẹ fi 25 pín 30, ó jẹ́ 1.2. Ẹ fi 1.2 di púpọ̀ fún ara rẹ̀, ó jẹ́ 1.44. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 0.44. Ẹ fi 0.44 pín 20, ẹ ó rí 45: ìyẹn ni iye giráàmù ohun tó ń mì nínú wúfà náà. Bí ẹ bá ti fún REW ní nọ́ńbà méjèèjì àti bí pépà ṣe fẹ̀ tó, yóò gbé Vas jáde. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ó sì sàn ju kí ẹ máa fi ojú díwọ̀n lọ.

Mídì ni kí ẹ pẹ́ lé lórí jù. Ẹ wá èyí tí ìlà ohùn rẹ̀ tẹ́jú láti 200 Hz títí dé 5,000 Hz ó kéré tán, nítorí pé 400 sí 2,800 la ó lò, ó sì yẹ kó níwà dáadáa kọjá ààlà méjèèjì. Fs tèmi jẹ́ 70 Hz. Túítà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí Fs rẹ̀ má ju 1,000 Hz lọ, kí a má sì fún un ní ohùn tí kò tó ìlọ́po méjì Fs.

Ẹ tún wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń dún tó. dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó: wúfà tèmi jẹ́ 87 dB, mídì 88, túítà 90. A lè fi rẹsísítọ̀ rẹ mídì àti túítà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè fi gbé wọn sókè. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbọdọ̀ kéré sí wúfà.

Ìgbésẹ̀ kejì: iye lítà

Ní 1954, Edgar Villchur gbé sípíkà AR-1 jáde ní Amẹ́ríkà. Ó dí àpótí náà pa, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ sípíríìngì fún wúfà. Ní 1958, AR-3 tẹ̀lé e, ọlọ́nà mẹ́ta ni. Ọ̀nà yẹn náà ni mo ń tọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. A fẹ́ kí Q wúfà nínú àpótí (ohun tí Qts rẹ̀ dà bó bá ti wọ inú àpótí) jẹ́ 0.707, nítorí pé níbẹ̀ ni béèsì kì í ti wú, tí kì í sì í tètè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi Qts pín in: 0.707 tí a fi 0.38 pín jẹ́ 1.86. Ẹ fi 1.86 di púpọ̀ fún ara rẹ̀, 3.46. Ẹ yọ 1, 2.46. Ẹ fi ìyẹn pín Vas: 40 lítà tí a fi 2.46 pín jẹ́ lítà 16 àti díẹ̀. Ibi tí béèsì yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ni 30 lọ́nà 1.86, ìyẹn 56 Hz.

Ẹ má tíì kan pákó o. Kọ́ìlì, wáyà tí a ká tí a ó fi síwájú wúfà láti dí ohùn gíga, ní ìdènà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.6 ohm lójú wúfà tí wáyà inú rẹ̀ jẹ́ 6 ohm, Qts á sún sókè ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, á di 0.41. Bí àpótí bá jẹ́ lítà 17 àti ààbọ̀, Q á wá jẹ́ 0.74. Kò burú rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan àpótí lítà 12 nítorí pé ó fẹ́ kó kéré sí i á bá Q rẹ̀ ní 0.85, béèsì á sì máa wú bí ikùn àmù. Ẹ fi kọ́ìlì sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé kí a má kúkú fi ihò páìpù sí i kí béèsì lè jìn sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí àpótí bá jẹ́ lítà 25 tí a sì fẹ́ kí páìpù náà kọrin sí 35 Hz, páìpù tó fẹ̀ ní 7 cm gbọ́dọ̀ gùn tó 33 cm. Inú àpótí wa kò jìn ju 26.4 cm lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 5 cm, gígùn rẹ̀ á di 16 cm, ó wọlé nìyẹn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á máa sá gba ọ̀nà tóóró náà kọjá, á sì máa fọn fìì bí béèsì bá le. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà ńbẹ̀. Àpótí tí a dí ń rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, 12 dB fún ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan, ògiri yàrá á sì dá púpọ̀ padà nínú rẹ̀. Oníhò ń já bọ́ ní 24 dB.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ètò ojú àpótí

Ojú àpótí ń ti ohùn gíga síwájú, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ máa ń ṣẹ́rí yí àpótí ká lọ sẹ́yìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, ẹ fi fífẹ̀ ojú àpótí ní mítà pín 115: fún 0.24, ó jẹ́ nǹkan bí 480 Hz. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, iwájú lè pàdánù tó 6 dB. Nínú yàrá, ògiri á dá díẹ̀ padà, nítorí náà mo máa ń ka wúfà 87 dB sí 84. Ibẹ̀ ni mídì àti túítà náà ní láti wá bá a. Èyí wà lára ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọlọ́nà mẹ́ta: ìyípadà yìí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ 400 Hz gan-an níbi tí wúfà ti ń fa ọ̀rọ̀ lé mídì lọ́wọ́, nítorí náà rẹsísítọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mídì ló ń tún un ṣe, kì í ṣe kọ́ìlì ńlá mìíràn.

Túítà àti mídì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ìgbì ohùn 2,800 Hz gùn ní 12.3 cm, àárín túítà sí àárín mídì kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jù ú lọ, ẹni tó bá dìde dúró á gbọ́ ohùn tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó. Mo fi 11 cm sí tèmi. Láti etí òkè àpótí: àárín túítà wà ní 6 cm, ti mídì ní 17 cm, ti wúfà ní 33.8 cm. Ẹ sún túítà kúrò ní àárín gbùngbùn díẹ̀, 2 cm sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí etí àpótí méjèèjì má baà dá ohùn padà ní ìwọ̀n kan náà. Àpótí kejì á kọjú sí òdìkejì, bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pákó, páìpù àti gúlù

MDF, pákó tí a fi igi lílọ̀ àti gúlù tẹ̀, ni mo ń lò, èyí tó nípọn ní 18 mm. Pákó kan odidi tó àpótí méjì, ó sì ń ṣẹ́kù. Fún àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ gé iwájú àti ẹ̀yìn ní 24 × 46.5 cm, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní 26.4 × 46.5, òkè àti ìsàlẹ̀ ní 20.4 × 26.4. Inú rẹ̀ á jẹ́ lítà 23. Bí a bá yọ páìpù mídì, ara wúfà, igi ìfúnnilókun àti crossover (kọ́ìlì àti kapásítọ̀ tó ń pín ohùn fún sípíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta) kúrò, á ku lítà 17 àti díẹ̀ fún wúfà.

Mídì gbọ́dọ̀ ní yàrá tirẹ̀. Nínú àpótí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo kó gbogbo wọn sínú àpótí kan ṣoṣo nítorí pé mo rò pé mídì kéré, kò lè rí nǹkan fi ṣe. N kò tíì so wáyà mọ́ mídì náà, mo tan wúfà nìkan, mo sì fi orí ìka kan pépà mídì. Ó ń lù kìkì bí àyà ẹni tó sáré. Afẹ́fẹ́ tí wúfà ń tì ló ń gbọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ló ti yé mi ìdí tí ohùn akọrin fi máa ń hàn bíi pé òtútù ń mú un gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, páìpù PVC 4 ínǹsì tí àwọn púlọ́ḿbà fi ń gbé omi ìdọ̀tí ni mo fi ń ṣe yàrá mídì. Ẹ gé e ní 26.4 cm, kí ó gùn láti ẹ̀yìn mídì dé pákó ẹ̀yìn, kí ẹ fi gúlù dí i lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2.3. Mídì tí Vas rẹ̀ jẹ́ lítà 4 á kúrò ní 70 Hz lọ sí 116 Hz nínú rẹ̀, ó ṣì jìnnà sí 400. Páìpù náà tún ń di iwájú àti ẹ̀yìn mú bí òpó, àpótí kò ní máa dún gbọ̀ọ̀. Ẹ ki òwú ìrọ̀rí kún inú rẹ̀ láìfún un pọ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ sí ìyókù àpótí.

Ẹ fi igi kan dè é ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn wúfà. Ẹ jẹ́ kí etí òde ojú àpótí rọ̀ roboto, ó kéré tán 15 mm, nítorí pé etí mímú máa ń já ohùn túítà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ilẹ̀ wa ní òjò: MDF máa ń mu omi láti etí tí a gé, á sì wú. Gúlù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, ẹ fi omi là á, ẹ fi pa gbogbo etí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi sáńpépà ra á kí ọ̀dà tó kàn án.

Bí ẹ bá ti de wúfà mọ́lẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti pépà rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bó bá padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, àpótí ti dí. Bó bá ta padà lójijì, afẹ́fẹ́ ń yọ níbì kan. Ẹ tún fi bátìrì 1.5 V kan wáyà wúfà àti ti mídì wò: bí orí pọ́sítíìfù bá kan ibi tó tọ́, pépà á yọ síwájú. Ẹ má dán èyí wò lára túítà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wíwọ̀n

Ìwé tó bá sípíkà wá sọ bó ṣe ń dún lára pátákó ńlá iléeṣẹ́ tó ṣe é, kò sọ bó ṣe ń dún nínú àpótí tiyín. Àwọn tó fi ìwé nìkan ṣe crossover máa ń rò pé etí àwọn ni kò dára. Ẹ ra máìkì ìwọ̀n tó ní fáìlì àtúnṣe tirẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti fóònù.

Ẹ gbé sípíkà sókè, kí túítà ga tó mítà 1.5, kí máìkì wà níwájú rẹ̀ ní mítà 1. Nínú yàrá tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 3, ohùn tó kọ lu ilẹ̀ àti àjà á dé etí máìkì ní mílísẹ́kọ́ǹdù 6.3 lẹ́yìn ojúlówó ohùn. Ẹ ní kí REW gé ohun gbogbo tó dé lẹ́yìn ìgbà náà kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ṣeé gbà gbọ́ láti 160 Hz lọ sókè. Èmi a máa gbé tèmi sí àgbàlá, lórí tábìlì, ní ìdájí kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ kò sí àjà, ilẹ̀ nìkan ló kù.

Fún béèsì, ẹ gbé máìkì sún mọ́ àárín pépà wúfà, kó má ju 1 cm lọ. D. B. Keele ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1974: yàrá kò lè da ìwọ̀n láàmú níbẹ̀ nítorí pé wúfà ló borí gbogbo rẹ̀. VituixCAD, ètò ọ̀fẹ́ láti Finland, á so ìwọ̀n méjèèjì pọ̀ ní nǹkan bí 250 Hz, á sì fi ohun tí ojú àpótí ń ṣe kún un.

Ẹ wọn sípíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ohùn kan náà láti ara amplifier, láìsún máìkì kúrò lójú kan. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí pé ìyàtọ̀ àkókò tí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dé máìkì ni crossover máa lò. Ẹ fi wáyà kan so ẹnu àbájáde kọ̀ǹpútà padà mọ́ ẹnu àbáwọlé kejì kí REW lè máa mọ ìgbà tí ohùn gbéra. Ẹ fi kapásítọ̀ 20 µF síwájú túítà kó má baà jó. Lẹ́yìn náà, ẹ yí àpótí ní 15 digíríì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dé 90, kí ẹ sì wọ̀n ní ìkọ̀ọ̀kan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya igun wọn sórí tábìlì.

Ẹ ya àwòrán impedance ọ̀kọ̀ọ̀kan náà nínú àpótí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: crossover

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè lo ẹ̀rọ DSP, tó ń fi ìṣirò bíi ti kọ̀ǹpútà pín ohùn, kí ẹ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní amplifier tirẹ̀. Fún àpótí méjì, ìyẹn jẹ́ àbájáde mẹ́fà àti amplifier mẹ́fà. Ó rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n amplifier mẹ́fà lórí inverter kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège. Mo fara mọ́ kọ́ìlì àti kapásítọ̀: amplifier kan ṣoṣo, bó bá ti parí, ó parí.

Siegfried Linkwitz àti Russ Riley ni wọ́n ṣàlàyé ìpín tí mo ń lépa, ní 1976. Níbi ìpín, sípíkà méjèèjì á ti lọ sílẹ̀ ní 6 dB, wọ́n á sì jọ máa tì, wọ́n á jọ máa fà, kí àpapọ̀ wọn lè tẹ́jú.

Fún wúfà ní 400 Hz, ìṣirò inú ìwé fún 8 ohm á ní kí ẹ lo kọ́ìlì 6.4 mH àti kapásítọ̀ 25 µF. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn. Ìwé gbà pé wúfà jẹ́ 8 ohm ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n àwòrán tí ẹ yà á fi hàn yín pé ó ń gun òkè ní 56 Hz, ó ń sọ̀, ó sì tún ń gùn bí ohùn ṣe ń lọ sókè. Ẹ kó gbogbo ìwọ̀n yín sínú VituixCAD, kí ẹ máa yí nọ́ńbà padà níbẹ̀ títí ohùn sípíkà kọ̀ọ̀kan á fi rìn lórí ìlà tí ẹ fẹ́. Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ mélòó kan. Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Túítà 90 dB gbọ́dọ̀ wá sí 84. Rẹsísítọ̀ 4 ohm lójú ọ̀nà rẹ̀ àti 8 ohm lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mú 6 dB kúrò lára túítà 8 ohm, amplifier á sì máa rí 8 ohm síbẹ̀. Fún mídì, ẹ wá 4 dB.

Ẹ máa wo impedance àpapọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Bó bá wá sílẹ̀ ju 4 ohm lọ níbì kan, ẹ tún un ṣe, nítorí pé amplifier á máa gbóná.

Kọ́ìlì onírin ni kí ẹ fún wúfà, nítorí ìdènà tirẹ̀ kéré. Èyí tí kò ní irin nínú ni kí ẹ fún mídì àti túítà. Nígbà tí ẹ bá ń tò wọ́n, kí ọ̀kan dùbúlẹ̀, kí ọ̀kan nàró, kí ìkẹta kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì jìnnà síra. Bí wọ́n bá kọjú sí ibì kan náà, béèsì á máa yọ́ kẹ́lẹ́ wọ inú túítà. Ẹ kọ́kọ́ tò ó sórí pákó lásán níta àpótí. Ẹ má tíì fi sọ́dà dè é pa.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdánwò, lẹ́yìn náà etí

Ẹ wọn àpapọ̀ wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí wáyà mídì padà, kí pọ́sítíìfù di nẹ́gétíìfù, kí ẹ tún wọ̀n. Bí ìlà náà bá ṣẹ́ wọlẹ̀ jìn ní 400 Hz àti ní 2,800 Hz, bí 20 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jẹ́ pé nígbà tí wáyà wà bó ṣe yẹ, wọ́n ń rìn pọ̀. Bí ihò náà kò bá jìn, tàbí tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ò tíì bára mu, ẹ padà sí VituixCAD. Lẹ́yìn náà kí ẹ dá wáyà padà.

Nígbà yìí ni kí ẹ tó jókòó. Kí túítà wà ní ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó. Ìdúró 55 cm á gbé e dé nǹkan bí 95 cm. Mo máa ń gba ohùn ẹni tí mo mọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ó sọ pé: "Ṣé Ṣọlá ti se ìrẹsì?" Ariwo inú ṣ wà láàárín 2,500 sí 4,000 Hz, gẹ́gẹ́ níbi tí mídì ti ń fà á lé túítà lọ́wọ́. Ti s ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Ṣọlá bá ń dún bí Sọlá, ihò wà níbi ìpín òkè. Bí s bá ń gún etí, túítà ga jù, ẹ fi 1 ohm kún rẹsísítọ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀. Bí ohùn ọkùnrin bá ń jáde bíi pé inú ìkòkò ló ti ń sọ̀rọ̀, wúfà àti mídì ti gun ara wọn lórí láàárín 150 sí 400 Hz.

Ẹ wá tan orin àpàlà, èyí tí ẹ ti mọ̀ lórí. Ẹ gbọ́ bí agídìgbo ṣe bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe dákẹ́. Ẹ gbọ́ gángan nígbà tó bá ń tẹ́ ohùn láti òkè wá sílẹ̀: kò gbọdọ̀ sí ibi tí yóò ti dàbí pé ó fò láti àpótí kan bọ́ sí òmíràn, ojú kan ló yẹ kó ti máa sọ̀rọ̀. Ẹ má yí ju nǹkan kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ ọ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó tún yí òmíràn.

Nígbà tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi sọ́dà dè é, ẹ kọ iye kọ́ìlì àti kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn pákó crossover pẹ̀lú bírò, kí ẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí crossover tó wọ inú àpótí, ẹ wọn sípíkà kejì lójú kan náà tí ẹ ti wọn àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé ìlà méjèèjì lé ara wọn. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ju 1 dB lọ láàárín 400 sí 3,000 Hz, ẹ yẹ kapásítọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sábà máa ń jẹ́ pé iye tí wọ́n kọ sára ọ̀kan nínú wọn kọ́ ló wà nínú rẹ̀.